Àtúntò Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ ní Ìpara

Ìlú ojú ọ̀nà ni Ìpara ní ilẹ̀ Rẹ́mọ láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Kí mọ́tò tó dé, ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń gbà láti Ìbàdàn lọ sí Ìkòròdú gba ibẹ̀ kọjá. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn. Ní ayé ìgbà náà, bí ohun kan bá dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà, ọrùn aláàárù ni, tàbí okùn tí ó fi di ẹrù. Lónìí, ẹ́ńjìnnì ni ó ń ru ẹrù. Ní ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 127, tí ó sì la ilẹ̀ Rẹ́mọ kọjá. Láti ìgbà náà ni ariwo ọkọ̀ kò ti sùn ní agbègbè náà, ìbáà ṣe ọ̀sán, ìbáà ṣe òru. Ibi tí ọkọ̀ bá sì pọ̀ sí, ibẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ń tẹ̀dó sí.

Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kì í fara sin. Òórùn ọ́ìlì tí ó ti jóná ni yóò kọ́kọ́ pàdé àlejò lọ́nà. Lẹ́yìn náà ni yóò rí ilẹ̀ dúdú tí koríko kì í hù lórí rẹ̀, ara ọkọ̀ tí wọ́n ti tú ohun gbogbo inú rẹ̀ kúrò, àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ àwọ̀ tí aṣọ wọn ní tẹ́lẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni àwọn wọ̀nyí. Ọdún mẹ́ta, nígbà mìíràn ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọn yóò lò lábẹ́ ọ̀gá kí wọ́n tó gba fíríìdọ̀mù, ní ọjọ́ tí àwọn òbí wọn yóò gbé ohun jíjẹ àti ohun mímu wá, tí ọ̀gá yóò sì gbàdúrà lé wọn lórí níwájú àwọn oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Fífọ irinṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́. Títú nǹkan ni ó tẹ̀ lé e. Títú nǹkan a máa dùn mọ́ ọmọdé. Ọwọ́ a máa yá, irin a máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà yóò sì máa rò pé òun ti di ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó mọ̀ ọ́n tú tí kò mọ̀ ọ́n tò. Nídìí títò ni ọ̀gá ti ń mọ ẹni tí iṣẹ́ ti wọ̀ lára.

Ẹ fi ojú inú wo irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ní Ìpara, tí wọ́n gbé ọkọ̀ kan wá fún tí kì í ṣe irú èyí tí ó ń rí lójoojúmọ́. Ọkọ̀ náà rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè na ọwọ́ kan ilẹ̀. Ènìyàn méjì péré ni ó ń gbà, kò sì ní òrùlé bí kò ṣe ti aṣọ tí a lè ká kúrò. MGB ni wọ́n ń pè é, ọdún 1965 ni wọ́n sì ṣe é. Àwọn Yorùbá fi orúkọ náà, ayọ́kẹ́lẹ́, dá ọkọ̀ kékeré lọ́lá nítorí pé ó ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ohùn MGB rí yóò mọ̀ pé orúkọ náà kò bá a mu rárá. Fún eré sísá àti fún fàájì ni wọ́n ṣe é, àwọn tí ó ṣe é kò sì ní in lọ́kàn pé kí ó yọ́.

Ìtàn orúkọ ọkọ̀ náà yẹ ní gbígbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí. MG ni àgékúrú Morris Garages, ibi tí William Morris ti ń ta ọkọ̀, tí ó sì ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ní ìlú Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú yunifásítì ni Oxford, ṣùgbọ́n Morris kò ka ìwé níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni ó ń tún ṣe ní ilé àwọn òbí rẹ̀ nígbà tí kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún, ní nǹkan bí ọdún 1893. Láti ìdí kẹ̀kẹ́ ni ó ti bọ́ sí ìdí alùpùpù, kí ó tó wá di ẹni tí ń ṣe mọ́tò. Ní àwọn ọdún 1920, Cecil Kimber, tí ó jẹ́ alábòójútó Morris Garages, bẹ̀rẹ̀ sí fi ara tí ó fúyẹ́ tí ó sì dùn ún wò bo ọkọ̀ Morris. Bí ọkọ̀ MG ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láti inú ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe. MGB jáde ní ọdún 1962 ní ilé iṣẹ́ wọn ní Abingdon. Nígbà tí wọ́n fi dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 1980, iye tí wọ́n ti ṣe lé ní 500,000. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí àyè inú sílíńdà rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 1,798 cc, jẹ́ ìbátan èyí tí ó wà nínú Morris Oxford àti Austin Cambridge, tí àwọn àgbàlagbà kò tí ì gbàgbé. Nítorí náà ni ọ̀gá Ìpara yìí kò fi sá fún iṣẹ́ náà. Bí ara ọkọ̀ tilẹ̀ ṣàjèjì sí i, ó ti mọ àwọn ẹbí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti ìgbà tí òun náà ti wà lábẹ́ ọ̀gá.

Ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà jẹ́ àgbàlagbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ni ó fi í sílẹ̀ fún un. Ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Ìsarà, ó sì ti pinnu pé ọkọ̀ yìí ni òun yóò fi gbé e lọ sí ilé ìjọsìn, òun àti ọmọ òun nìkan, nítorí pé ènìyàn kẹta kò lè gba inú rẹ̀. Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èéfín aláwọ̀ aró ń ti ìdí ọkọ̀ náà jáde, èyí tí í ṣe àmì pé ọ́ìlì ń jóná pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù. Omi inú rédíétọ̀ ń dín láìsí ibi tí ó ń jò. Bí ó bá sì gun òkè díẹ̀, a gbóná bí ìkòkò àmàlà.

Wọ́n tú u. Títú náà kò gba ọjọ́ méjì. Ọ̀gá ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tí ó ti lo ọdún mẹ́rin, tí fíríìdọ̀mù rẹ̀ ku oṣù kan, òun ni ó sì fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ó pàṣẹ fún un pé kí ó fi agolo mílíìkì kó nọ́ọ̀tì àti bóòtù ibi kọ̀ọ̀kan sí ọ̀tọ̀, kí ó sì fi fóònù ya àwòrán gbogbo wáyà àti gbogbo họ́ọ̀sì kí ó tó fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ tí ń ti fááfù ṣí, ara páálí ni ó ní kí ó gún wọn sí, kí ó sì kọ nọ́ńbà sí ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ẹni tí kò mọ̀ yóò rí àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bí ẹ̀dá kan náà. Wọn kì í ṣe ẹ̀dá kan náà mọ́. Láti ọjọ́ pípẹ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jẹ ara rẹ̀ mọ́ ibi tí ó dúró sí, bí bàtà ti í mọ ẹsẹ̀ ẹni tí ó ni ín. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ibùgbé fún wọn, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí jẹ irin ní ọ̀tun.

Nígbà tí wọ́n ti fọ ohun gbogbo mọ́, tí wọ́n sì ti kun inú ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbé ní ọ̀dà, àtúntò bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kíráńkì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sí àyè rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá wíwọ́ tí ó ń sọ lílọ àti bíbọ̀ písítìnì di yíyí. Béárìn márùn-ún ni ó gbé e dúró nínú ẹ́ńjìnnì irú ọdún náà. Mẹ́ta ni ti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n fi ọ́ìlì pa ojú béárìn kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá kọ́kọ́ fi yí láìsí ọ́ìlì lè ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́. Wọ́n ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan le, wọ́n sì ń fi ọwọ́ yí kíráńkì wò kí wọ́n tó lọ sí èkejì. Bí ó bá há lẹ́yìn béárìn kẹta, wọ́n mọ̀ pé ìkẹta ni ó jẹ̀bi. Ẹni tí ó bá mú márààrún le lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí ìkánjú, tí ó sì há mọ́ ọn lọ́wọ́, kò ní mọ ẹni tí yóò pè lẹ́jọ́.

Rínìgì písítìnì ni ó tẹ̀ lé e. Rínìgì kọ̀ọ̀kan ní ẹnu tí ó là. Ọmọ náà fẹ́ to gbogbo ẹnu wọn sí ojú kan nítorí pé ó dùn ún wò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá yí wọn padà kúrò lójú ara wọn. Bí ẹnu wọn bá bọ́ sí ojú kan, èéfín àti agbára iná yóò rí ọ̀nà tààrà sá gbà sí ìsàlẹ̀, ọ́ìlì yóò sì rí ọ̀nà gun òkè. Èéfín aláwọ̀ aró tí wọ́n torí rẹ̀ tú ọkọ̀ yóò tún padà wá.

Lẹ́yìn èyí ni ṣéènì tí ó so kíráńkì pọ̀ mọ́ ọ̀pá tí ń darí fááfù. Àmì kékeré wà lára eyín kẹ̀kẹ́ méjèèjì tí ṣéènì náà gùn. Àmì méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú sí ara wọn gbọnrangandan. Bí wọ́n bá fi eyín kan péré yẹ̀, fááfù yóò máa ṣí nígbà tí ó yẹ kí ó pa dé.

Bí wọ́n ti dé orí ẹ́ńjìnnì, ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù, iṣẹ́ wá di iṣẹ́ onílù. Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn tí ń fi awọ bo ìlù rí yóò mọ̀ pé wọn kì í fa ẹ̀gbẹ́ kan le tán kí wọ́n tó fa ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, awọ yóò wọ́, ohùn ìlù yóò sì dàrú. Díẹ̀díẹ̀ ni, níbí àti lọ́hùn-ún, títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi le bákan náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù. Àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń lọ síta ní ìdàkejì ara wọn, wọ́n sì ń mú un le ní ìpele mẹ́ta pẹ̀lú sípánà tí ó ń fi ìwọ̀n agbára ọwọ́ hàn. Abẹ́ rẹ̀ ni gásíkẹ́ẹ̀tì wà, pẹlẹbẹ tí kò nípọn tí ó ń ya omi, ọ́ìlì àti iná kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó ti gbó ni ó ń jẹ́ kí omi ọkọ̀ náà dín láìsí ojú ìjò: inú sílíńdà ni omi náà ń bọ́ sí, tí ó ń bá èéfín jáde lọ.

Lẹ́yìn tí tọ́ọ̀pù ti jókòó, ó kan àlàfo orí fááfù. Mìlímítà 0.38 ni àlàfo náà, kò nípọn ju èékánná lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì yóò máa ta kàn-kàn-kàn. Bí ó bá kéré jù, fááfù kò ní lè pa dé tán, iná yóò sì jó o. Ọgbọ́n ìṣirò kan wà níbí tí inú olùkọ́ ìṣirò yóò dùn sí. Fááfù mẹ́jọ ni ó wà. Nígbà tí fááfù kẹjọ bá ṣí tán, èkínní ni kí wọ́n wọn. Nígbà tí ìkẹta bá ṣí tán, ìkẹfà ni. Nígbà tí ìkarùn-ún bá ṣí tán, ìkẹrin ni. Ní ìgbà gbogbo, nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 9 lápapọ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà kò ka ìwé kọjá kíláàsì kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n kò ṣi èyí rí.

Ìgbà tí iná yóò ṣẹ́ nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan náà ní ètò. Láti ìgbà tí Nikolaus Otto, ará Jámánì, ti ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí ní ọdún 1876, iṣẹ́ mẹ́rin ni písítìnì ń ṣe: ó ń fa afẹ́fẹ́ àti epo mu, ó ń fún un pọ̀, iná ń ti í lọ, ó sì ń lé èéfín jáde. Sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í ṣe ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú MGB, èkínní ni ó ń jó, lẹ́yìn rẹ̀ ìkẹta, lẹ́yìn rẹ̀ ìkẹrin, lẹ́yìn rẹ̀ èkejì, bí àwọn onílù mẹ́rin tí olúkúlùkù mọ ìgbà tí yóò wọlé. Bí kíráńkì bá yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, iná yóò ṣẹ́ ní ìgbà 6,000, ìyẹn 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wáyà pulọ́ọ̀gì méjì bá ṣi ilé wọ̀, ẹ́ńjìnnì lè máa tutọ́ iná padà láti ẹnu kábúrétọ̀.

Títí dé ibí yìí, ọ̀gá àti ọmọ ni ó jọ ń ṣe é. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì padà sínú ọkọ̀, wọ́n fi ṣéènì gbé òun àti ilé gíà rẹ̀ kọ́ pọ̀ sábẹ́ òpó irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, orí rẹ̀ ga, ìdí rẹ̀ rẹlẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin sì ń darí rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ tuntun ni wọ́n ń gbé wẹ̀. Ó wọlé láìha ọ̀dà ara ọkọ̀. Ó jókòó lórí rọ́bà rẹ̀. Nígbà náà ni ọ̀gá wí fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ pé kí ó máa bá iṣẹ́ lọ, òun ń lọ sí Ṣágámù lọ wá họ́ọ̀sì rédíétọ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù kì í ṣe kékeré: rédíétọ̀, páìpù ọ́ìlì, páìpù bẹntiróòlù, ọ̀nà èéfín, kábúrétọ̀ méjì, àti ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ wáyà. Ẹ̀tàn kan sì wà nínú wáyà ọkọ̀ náà. Nínú àwọn ọkọ̀ òde òní, ẹnu bátìrì tí wọ́n kọ àmì àyọkúrò sí ni wọ́n ń so mọ́ ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nínú MGB tí wọ́n ṣe títí di ọdún 1967, ẹnu tí ó ní àmì àròpọ̀ ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀. Bátìrì kéékèèké méjì ni ó sì ní, lẹ́yìn ìjókòó. Ọmọ náà rántí èyí. Ó wo àwòrán inú fóònù rẹ̀, ó sì so ó bí ó ti yẹ. Ó yẹ kí wọ́n yìn ín fún un.

Nígbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni ó bojú wo agolo tí ó gbẹ̀yìn, ó sì rí ohun kan nínú rẹ̀: okùn bàbà tí wọ́n hun bí irun dídì, tí ó gùn tó ìka ọwọ́ méjì tí a tò tẹ̀ lé ara wọn, tí ihò sì wà ní orí àti ní ìdí. Ó mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ni ó tú u láti abẹ́ ọkọ̀. Kí ó tó lè dá a padà, ó gbọ́dọ̀ fi jákì gbé ọkọ̀ sókè, kí ó sì wọ abẹ́ rẹ̀ nínú eruku, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ti ń bọ̀ lókèèrè pẹ̀lú bàbá tí ó ni ọkọ̀. Ó rò ó pé okùn kékeré báyìí kò lè ṣe nǹkan kan. Ó rò ó pé òun yóò dá a padà ní alẹ́. Ó tì í bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Ọ̀gá wo ohun gbogbo yíká, ojú rẹ̀ sì dán. Ó ní kí wọ́n yọ pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí sítátà lè yí ẹ́ńjìnnì láìjó, títí ọ́ìlì yóò fi gun òkè. Bàbá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì ká ọwọ́ lé orúnkún. Ọmọ náà tẹ sítátà. Ẹ́ńjìnnì yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ìnira bí ẹni tí ó ru ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Lójú kan náà, èéfín rú láti ara okùn ṣóòkù, ìyẹn okùn irin tí awakọ̀ ń fà kí ẹ́ńjìnnì tí ó tutù lè jí. Rọ́bà ara rẹ̀ ń yọ́ kán sílẹ̀.

“Yọ orí bátìrì!”

Wọ́n yọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Kí ni ó kù nínú agolo?” ni ọ̀gá bèèrè.

“Kò sí nǹkan kan nínú agolo, Ọ̀gá.”

“Bí kò bá sí nínú agolo, níbo ni ó wà?”

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na okùn bàbà náà sí i. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí, Ọ̀gá.”

Ọ̀gá kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. “Dìde. Sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún Bàbá.”

“Iná ń jáde láti inú bátìrì,” ni ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, “ó ń lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí bátìrì. Ara ọkọ̀ ni ọ̀nà tí ó ń gbà. Ṣùgbọ́n orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, rọ́bà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Okùn yìí ni afárá láàárín ẹ́ńjìnnì àti ara ọkọ̀.”

“Nígbà tí kò sí afárá ńkọ́?”

“Ó wá ọ̀nà mìíràn, Ọ̀gá. Ó gba orí okùn ṣóòkù kọjá.”

“Okùn ṣóòkù kò lè ru ẹrù sítátà. Kí ni mìíràn tí o fi sílẹ̀?”

“Kò sí mọ́, Ọ̀gá.”

“Ó wù mí kí n gbà ọ́ gbọ́,” ni ọ̀gá wí. Ó yíjú sí bàbá tí ó ni ọkọ̀. “Ẹ má bínú, sà. Gbogbo ohun tí ọmọ yìí dá ṣe láti àná ni a óò tú yẹ̀ wò. Yóò gbà wá ní ọjọ́ méjì sí i.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ náà, ọjọ́ Àbámẹ́ta sì ni ìgbéyàwó. Bàbá náà wo ọkọ̀, ó wo ọmọ náà, ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. “Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò,” ni ó wí níkẹyìn. “Ọmọ mi ni yóò jókòó sínú rẹ̀.”

Ní ọ̀nà kan bí ti Rẹ́mọ, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn. Ọkọ̀ tí ó bá dákẹ́ lójijì lójú márosẹ̀, tí ọkọ̀ àjàgbé ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò ní àkókò láti ṣàlàyé. Ní ọdún 1988, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ nítorí àwọn òkú ojú ọ̀nà, Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà gan-an, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe alága rẹ̀. Ìwà awakọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi, wọ́n kò sì jayò pa. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì kì í fẹnu jẹ́wọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Ọ̀gá ń ka orúkọ, ọmọ ń fi sípánà kàn án. Rédíétọ̀ dára. Páìpù ọ́ìlì dára. Nọ́ọ̀tì ọ̀nà èéfín dára. Àwọn tí ó dúró wòran ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọ̀gá yìí ń fi àkókò ṣòfò ni. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ọwọ́ kan páìpù bẹntiróòlù níbi tí ó ti wọ kábúrétọ̀ kejì, ìdè irin tí ó yẹ kí ó fún un mọ́ ibẹ̀ yí lábẹ́ ìka lásán. Ọmọ náà ti fi ọwọ́ mú un, kò sì padà wá fi irinṣẹ́ mú un le. Nínú ẹ́ńjìnnì MGB, abẹ́ kábúrétọ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀nà èéfín wà, tí ó ń gbóná janjan. Ọ̀gá tọ́ka sí páìpù náà, ó sì tọ́ka sí irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, láìsí ẹni tí ó nà án.

Okùn ṣóòkù tuntun kò sí ní Ṣágámù, kò sì sí àyè láti ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó. Ọ̀gá lọ bá ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ó sì ra okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Bí William Morris bá wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ìbá dùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, sítátà yí ẹ́ńjìnnì wìrìwìrì, abẹ́rẹ́ ọ́ìlì sì gòkè. Wọ́n dá pulọ́ọ̀gì padà. Ẹ́ńjìnnì hú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jó. Ó kù kí kábúrétọ̀ méjèèjì máa mí bákan náà. Ọ̀gá kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ó mú họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi orí kan sí etí, ó sì fi orí kejì sí ẹnu kábúrétọ̀ àkọ́kọ́. Ó gbọ́ bí ó ti ń mí. Ó gbé e sí ẹnu èkejì, ó yí ìdè kékeré kan díẹ̀, ó tún gbọ́. Lẹ́yìn náà ó na họ́ọ̀sì náà sí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọmọ náà tẹ́tí títí, ó ní èkejì ṣì ń mí kíkankíkan ju èkínní lọ. Òótọ́ ni ó sọ.

Wọ́n wa ọkọ̀ náà gba ọ̀nà àtijọ́ lọ sí Òde, wọ́n sì padà. Wọn kò bọ́ sí márosẹ̀. Nígbà tí ó di òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, tí irin ti tutù, wọ́n tún mú nọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù le, wọ́n sì tún wọn fááfù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, nítorí pé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun a máa rẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ó bá kọ́kọ́ rí iná. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, bàbá náà fa okùn kẹ̀kẹ́, ẹ́ńjìnnì jí, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìsarà.

Ọ̀gá sún fíríìdọ̀mù ọmọ náà síwájú ní oṣù mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀ nítorí pé ó ti ra aṣọ, ọ̀gá sì fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò yí ọjọ́ náà padà. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ mìíràn wọlé ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà, wọ́n bá ọmọ náà lórí ìjókòó níwájú agolo mílíìkì méjìlélógún, ó ń fi ẹfun kọ nọ́ńbà sí ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.